Ìró Kànnàkànnà Àbẹ̀ní

Lọ́jọ́ tí ohun ìjà Àbẹ̀ní kọ́kọ́ dún sí mi létí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́ ni, wọn ò sì tíì gbà mí tán. Ọ̀gá wa ní Ṣógúnlé ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé kí n ṣì máa ṣe é wò ná. Bí géèmù tuntun náà bá jáde tí àwọn èèyàn sì ń gbá a, mo di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kálukú á gbalé rẹ̀ lọ.

Ìdánwò géèmù niṣẹ́ mi. Wọ́n á gbé fóònù fún mi, èmi á máa gbá géèmù tí wọn ò tíì ṣe parí, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n lè mọ ibi tó ti máa bàjẹ́. Màá rìn lu ògiri, màá bẹ́ sódò, màá tẹ gbogbo ohun tí kò yẹ kéèyàn tẹ̀. Ẹ má pè é ní ìgbádùn o. Ẹ rìn lu ògiri kan náà látàárọ̀ dalẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tó ń ta ańkárá lọ́jà Aswani, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà, torí ojú ń tì í láti sọ pé eré lọmọ òun ń ṣe gbowó.

Ọdẹbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní ló wà nínú géèmù yìí. Kànnàkànnà lohun ìjà rẹ̀, ìyẹn okùn tí wọ́n ń fi òkúta sí láàárín, tí wọ́n á fì yípo lókè orí kí wọ́n tó jù ú. Bí o bá ti pa ẹran tó pọ̀ tó, wàá gbé kànnàkànnà náà ga sí ìpele kejì, lẹ́yìn náà sí ìkẹta. Àwọn obìnrin gan-an ni ọ̀gá wa ṣe é fún: àwọn tó ń jókòó ti ọjà, àwọn aránṣọ, àwọn ọmọ iléèwé. Ó ní àwọn ọkùnrin ti ní bọ́ọ̀lù àti ìbọn tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n Délé ló ń ṣe ìró fún wa. Ó máa ń rún ewé gbígbẹ nínú ọ̀rá, á di ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú igbó. Ó máa ń ṣẹ́ kárọ́ọ̀tì, á di eegun tó dá, tó bá sì ṣẹ́ ẹ tán, àwa la máa jẹ ẹ́. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe gbé kànnàkànnà dé ìpele kẹta lọ́jọ́ náà nìyẹn, íápíìsì wà létí mi. Àbẹ̀ní fì í lẹ́ẹ̀kan, ó dún: wùùùùù. Mo fa íápíìsì náà yọ, mo jù ú sórí tábìlì.

Mo ti mọ ìró yẹn kí n tó mọ̀wé kà. Nílùú ìyá àgbà mi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bó bá ti dún báyìí, obìnrin ò sí níta mọ́ nìyẹn. Ìró Orò ni. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n Orò kì í bi obìnrin ní ẹ̀sìn tó ń ṣe. Àwọn àgbà ló sọ pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dán an wò nínú wa.

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Délé, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rúlà onígi lòun so mọ́ okùn, tóun ń fì lórí òrùlé ilé tá a wà yìí, kò sí oògùn níbẹ̀. Ó ní ohun ìjà téèyàn bá ṣe wàhálà kó tó gbé e ga, ó yẹ kó dẹ́rù bani, àti pé látìgbà tóun ti wà ní kékeré tóun ń dúró ti bàbá òun níta bí Orò bá jáde, òun ò tíì gbọ́ ìró tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé èmi nìkan ni mo ṣàròyé nínú gbogbo àwa tá à ń dán an wò. Òótọ́ ni. Ọkùnrin sì ni gbogbo àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ó ní ká fi bọ́tìnnì síbẹ̀, kẹ́ni tí kò bá fẹ́ ìró náà pa á.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ bá ń gbá a ní pálọ̀, ìyàwó tó ń dáná ńkọ́? Ọwọ́ tiẹ̀ kọ́ ni bọ́tìnnì wà."

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí ẹni tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi ju bẹ́rù ṣe ń bà mí lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé e lọ bá àwọn tá a ṣe é fún. Ọ̀gá gbà, ó sì ní kí Ẹ̀gbọ́n Délé tẹ̀ lé mi.

Ọ̀sán gangan la dé Aswani. A pín fóònù fún ìyá mi àtàwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn yí i ká. Ẹ̀gbọ́n Délé ní kí n má lo íápíìsì, kí ohùn lọ sókè dáadáa. Wọ́n gbádùn ẹ̀. Ìyá Gàníyù, tó ń ta léèsì lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá mi, ń bú ẹtu bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Òun ló kọ́kọ́ dé ìpele kẹta.

Wùùùùù.

Ìyá Gàníyù rọra da fóònù dojú bolẹ̀ sórí aṣọ, ó dìde, ó wọlé. Ìyá mi fi tiẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé géèmù ń lọ lọ́wọ́, lódìkejì, ń fà sẹ́yìn sínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ọ̀kan nínú wọn sì fa kọ́tìnnì. Nígbà tó yá, àwọn alábàárù àti bàbá kan tó ń ná aṣọ ló ṣẹ́ kù níta, àti Ẹ̀gbọ́n Délé láàárín wọn, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì.

Èmi náà ò sí níta. N ò mọ ìgbà tí mo wọlé. Ẹ̀yìn ìdì aṣọ ni mo ti bá ara mi, mo di ìró tí ìyá mi ró mú, èmi tí mo mọ̀ dájú pé rúlà ni.

Ẹ̀gbọ́n Délé pa àwọn fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, pé fóònù lásán ni. Wọ́n ń jáde wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, wọn ò wojú ara wọn. Ìyá mi gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Rísì, gbé e lọ. A kì í sọ̀rọ̀ nípa ìró yẹn."

Bá a ṣe ń padà lọ sí Ṣógúnlé, Ẹ̀gbọ́n Délé yíjú sí mi.

"Báwo ló ṣe máa ń rí nínú ilé?" ó bi mí. "Nígbà tó bá ń kọjá. Ìta lèmi máa ń wà."

Mo sọ fún un. A ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ooru á mú wa. Wọ́n á fọmú sẹ́nu ọmọ ọwọ́ kó má baà ké. Ìyá mi á fàtẹ́lẹwọ́ bò mí létí, ṣùgbọ́n màá ṣì máa gbọ́ ọ, màá máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níta pẹ̀lú, n ò sì ní mọ̀ bóyá ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀.

Ó wá ní, "Àbúrò mi obìnrin wà nínú ilé nígbà yẹn. N ò bi í rí."

Ó dán ìró mìíràn wò lẹ́yìn náà, agogo, ààrá, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó gbé wá nígbẹ̀yìn ni pé bí kànnàkànnà bá ṣe ń ga sí i ni ìró rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Ní ìpele kẹta, kò dún rárá. Ọ̀gá ní ta ló máa ṣe wàhálà láti gba ohun tí kò dún. Ẹ̀gbọ́n Délé ní kó bi ọdẹ, ẹran kì í dúró de ohun tó ń dún. Bí géèmù náà ṣe jáde nìyẹn, àwọn obìnrin gbá a, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́.

Ìyá mi ò fọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́, n ò sì fi dandan mú un. Ó wá pè mí láti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé òun ti gbé kànnàkànnà dé ìpele kẹta, ẹfọ̀n kan ń yọ òun lẹ́nu. Mo bi í pé kí ló gbọ́ ní ìpele kẹta.

"N ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní. "Mo kàn ń bá tèmi lọ ni."