Aníwúrà Mú Ọmọ Rẹ̀ Gba Àárín Ọjà

Bí ẹ bá dé Igbódìgò ní ọdún 1963, tí ẹ béèrè ẹni tí púpurú rẹ̀ dára jù, Aníwúrà ni wọn yóò júwe fún yín. Opó ni. Èéfín tó fi ń gbẹ ẹ̀gẹ́ púpurú náà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa bí ata. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tinúọlá, tó fẹ́ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Dúrósinmí. Tinúọlá bí ọmọkùnrin, gbogbo ilé ń jó! Wọn kò tíì sọmọ lórúkọ tí ìyá ọmọ ò fi sùn mọ́. Ó ń bá ògiri jà, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Abísínwín ti dé.

 Gbádégẹṣin, ẹ̀gbọ́n Dúrósinmí, ló dá sí i. Ó gba ọmọ jòjòló náà fún ìyàwó tirẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Aníwúrà.

"Ìyá Tinú, ẹ mú ọmọ yín lọ tọ́jú. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, kó wá gba ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ọjà o!"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Wèrè tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ọjà, wọ́n ní kò sí oògùn rẹ̀ láyé mọ́. Aníwúrà gbà bẹ́ẹ̀ bó ṣe gbà pé ilẹ̀ ń mọ́. Ó fi okùn de Tinúọlá mọ́ òpó kó má baà sá jáde, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwòsàn kiri. Ilé àdúrà fi omi wẹ̀ ẹ́, ariwo ló ń pọ̀ sí i. Oníṣègùn kan ní Ìrèlè nà án ní pàṣán. Pàṣán fi àpá sí ẹ̀yìn, kò dá làákàyè padà sórí.

Nọ́ọ̀sì Agatha tó gbẹ̀bí ọmọ náà ló wá sọ pé, "Ìyá, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà l'Abẹ́òkúta. Mo mọ ẹni tó lọ, tó padà bọ̀ pẹ̀lú orí pípé."

"Níbo ni ọkọ̀ ti ń gbérò?"

"Àárín ọjà Òkìtìpupa kọ́ ni?"



Aníwúrà dá ọgbọ́n kan kí ọmọ òun má baà tẹ ọjà. Ó mú ọmọ rẹ̀ gba inú igbó yí Òkìtìpupa ká, wọ́n dúró létí títì níwájú. Bọ̀lẹ̀kájà dé, ó kún fọ́fọ́. Lucas dẹrẹ́bà rí okùn lọ́wọ́ Tinúọlá, ó figbe ta.

"Ìyá, mi ò gbé wèrè mọ́ èrò o! Bó bá gé mi jẹ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?"

"Gbé e sórí ẹrù, kó máa gbatẹ́gùn!" lèrò kan wí. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọjà ń dé, tó ń kọjá, ọkọ̀ kankan ò gbé wọn, okùn sì ń jẹ ọrùn ọwọ́ Tinúọlá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aníwúrà tú u láti wẹ̀ ẹ́. Ìka méjì ti dúdú. Tinúọlá wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní, "Iye mi, ọwọ́ ń rùn."

Iye mi! Ọjọ́ wo ló ti pè é ní ìyá gbẹ̀yìn?

Aníwúrà ju okùn náà sínú iná. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ọmọ, ó wé gèlè fún un, ó di ọwọ́ tó sàn mú, wọ́n sì wọ ọjà Òkìtìpupa lójú gbogbo ayé.  Àwọn obìnrin ń fa igbá sẹ́yìn. Rose, ará Ìlàjẹ tó ń ta ẹja gbígbẹ, kígbe: "Ìyá, ẹ padà! Ẹ ti pa ọmọ yín!"

"Okùn mi ló ń pa á," Aníwúrà dáhùn, kò dúró.

Ọkọ̀ ṣì ṣófo. Kí Lucas tó rí wọn, wọ́n ti jókòó, Aníwúrà sì di irin ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọn yóò gé lápá kó tó sọ̀ kalẹ̀.

L'Abẹ́òkúta, ìka méjì ni wọ́n gé kúrò. Wọ́n fún Tinúọlá lábẹ́rẹ́ àti oògùn. Ìyá rẹ̀ gba yàrá sí tòsí, ó ń se oúnjẹ fún un. Oorun padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tinúọlá béèrè pé, "Ọmọ mi á ti hu eyín báyìí, àbí?" Aníwúrà sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná.

Wọ́n padà sí Igbódìgò. Tinúọlá kúnlẹ̀ níwájú Gbádégẹṣin. Ọmọ náà ti ń rìn, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó Gbádégẹṣin, ó ń yọjú wo àlejò.

Aníwúrà ni Gbádégẹṣin kọjú sí. "Ọ̀nà wo lẹ gbà lọ?"

Irọ́ kò ṣeé pa. Gbogbo ọjà ló rí wọn. "Ọjà ni."

"Ó tán nìyẹn. Ọmọ ò kúrò níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, ara mi ti yá," ni Tinúọlá wí. "Ẹ bi mí ní ohun tó bá wù yín."

"Kò sí wèrè tí kì í wí bẹ́ẹ̀."

Dúrósinmí ń wo ilẹ̀. Tinúọlá la ẹnu láti figbe ta, ó rí bí gbogbo wọn ṣe ń retí igbe náà. Ó pa ẹnu dé. Ó dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ jáde. Títí wọ́n fi délé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tó kí wọn lọ́nà, nítorí bó bá sunkún lójú títì, ó mọ ohun tí wọn yóò pè é.