Ìràwọ̀ Adìyẹ Tí A Lọ Wò ní Mọníyà

Àkùkọ kankan ò tíì kọ ní Agbówó nígbà tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí mi, wọ mọ́tò Máíkírà dírẹ́bà kan tó ń yán bí ẹkùn.

Ọ̀ràn náà rèé: Àbẹ̀kẹ́ ní ojú mi ti kú, n kò gbọdọ̀ dá lọ sóko mọ́, òun ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ mi ní Mọníyà. Ojú mi kẹ̀! Ojú tí mo fi dúró ní Ríńgì Róòdù tí mo rí èèrà méjì tó ń jà lórí ilé gíga Dúgbẹ̀! Mo ní, "Bí mo bá fi ojú yìí rí Ìràwọ̀ Adìyẹ, tí mo sì ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ, ṣé o ó fi ilẹ̀ mi sílẹ̀?" Ó gbà. Iná ìgboro kì í jẹ́ ká rí ìràwọ̀ dáadáa ní Agbówó, ìdí nìyẹn tí a fi forí lé oko mi ní Mọníyà.

Dírẹ́bà pe ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Mo ní, "Ọmọ mi, Mọníyà là ń lọ, a ò lọ sínú òṣùpá."

Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà òṣùpá ò ní kòtò tó ti Mọníyà."

Kò parọ́. Láti Òjóò ni orí mi ti ń kan òrùlé mọ́tò.

Nígbà tí a dé oko, òjò àná ti fọ ojú ọ̀run. Ìràwọ̀ kún un bí àgbàdo tí wọ́n tú sórí ẹní. Mo na ọwọ́ sí àtàrí, níbi tí mo ti máa ń rí Adìyẹ lálẹ́ nígbà ọyẹ́, tí wọ́n kóra jọ bí ìyá àtọmọ. Òfo.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí i?" Àbẹ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Ta ló ní ìràwọ̀ ni mò ń tọ́ka sí? Apá ló ń ro mí."

Ó gbé fóònù sókè. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní áàpù; bí o bá kọjú rẹ̀ sí ọ̀run, yóò dárúkọ ìràwọ̀ fún ọ. Ó yí i káàkiri, ó wá dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lápá ìlà oòrùn. "Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìràwọ̀ lábẹ́ ilẹ̀! Láti kékeré, igbá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni mo ka ọ̀run sí. Àṣé igbá méjì ló pa ẹnu pọ̀, àwa wà láàrin, gbogbo rẹ̀ sì ń yí lójú wa. Lójoojúmọ́ ni ìràwọ̀ ń yọ ṣáájú ìgbà tó yọ lánàá díẹ̀díẹ̀, títí èyí tí a ń rí lálẹ́ ọyẹ́ yóò fi di ti ìdájí lásìkò òjò.

Mo jókòó sórí ebè. "Bó bá wà nísàlẹ̀, tó sì ń yí, yóò gòkè. N ò lọ síbì kankan."

Dírẹ́bà fọn fèrè. "Bàbá, mo ní èrò ní Bódìjà o!"

"Lọ gbé wọn. Bá mi kí wọn."

Kò lọ. Ìràwọ̀ ń gòkè láti ẹ̀yìn ọ̀pẹ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Àbẹ̀kẹ́ pa fóònù, ó jókòó tì mí. Kí ojúmọ́ tó mọ́, nǹkan funfun kan tó kóra jọ yọ.

Mo pariwo: "Ìyá rèé! Ọmọ márùn-ún ló tẹ̀lé e!"

Àbẹ̀kẹ́ fún ojú pọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́fà ni gbogbo wọn lóòótọ́, Bàbá."

Dírẹ́bà náà kà á, mẹ́ta ló rí. Mo ní, "Ojú tìrẹ ló kú. Ta mọ́tò rẹ!"

Oòrùn ti yọ nígbà tí a padà dé Agbówó. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání. Àbẹ̀kẹ́ sọ fún un pé, "Bàbá ò tà mọ́."

"Kí ló dé, Bàbá?"

Mo nàka sókè. "Adìyẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún."

Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò títí. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Ṣé ọwọ́ rẹ ni yóò ti gbàyè kó tó dúró síbẹ̀?"

Ó ká téèpù rẹ̀, ó lọ. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn: pé ojú ò rí nǹkan kò ní kó má sí níbẹ̀.