Ẹni Tó Pe Àníkẹ́ Lórí Omi

Ẹ má bi mí bóyá mo mu nǹkan lọ́jọ́ náà. Omi inú ike ni mo mu, ojú mi sì là kedere. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Calgary, ní Canada níbí, ọwọ́ mi ti kan òkú, ẹ̀rù kì í tètè bà mí. Ọkọ mi nìkan ló mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun náà sì ní kí n yé sọ ọ́.

Òtútù ló lé wa. Nígbà tí snow Skyview Ranch, àdúgbò wa, fẹ́ pa wá, mo mú Tomi, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a wọ bàálù lọ sí Mexico fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ mi ò ráyè lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tá a lọ yẹn, aṣálẹ̀ ló lọ já sí òkun. Yanrìn àti ẹ̀gún ni gbogbo ẹ̀, àfi etí omi níbi tí igi mangrove pọ̀ sí, tí gbòǹgbò wọn ta jáde lókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Bàbá arúgbó kan fi ọkọ̀ kékeré gbé wa wọ àárín wọn. Ọ̀sán gangan ni o. Ọ̀nà omi náà fún débi pé bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ìyá mi. Etí omi nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí. Ó kú lọ́dún tó kọjá, n ò lè lọ sìnkú ẹ̀ torí PR mi, ìwé ìgbélùú Canada, ò tíì jáde nígbà náà. Ó dùn mí títí dòní. Kò fojú kan Tomi rí. Orí fóònù ló ti fún un ní oríkì, Àníkẹ́, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pè é, Tomi á ní, "Yeah?"

Inú á bí mi. "Àgbà ń pè ẹ́, o ò lè kúnlẹ̀ kó o ní 'mà'?" Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi.

Láàárín àwọn igi yẹn, àwọn ẹyẹ dákẹ́ lójijì. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn gbòǹgbò, jẹ́jẹ́.

"Àníkẹ́."

Bàbá awakọ̀ dá ọ̀pá dúró. "No answer," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Please. No answer."

Tomi ti kúnlẹ̀ sínú omi tó ti wọ inú ọkọ̀. "Mà!"

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ nìyẹn. Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n yìn ín.

N ò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi iwájú wa ń là sọ́tùn-ún sósì, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yí padà, ó ń tẹ̀ lé wa. Bàbá tan ẹ́ńjìnnì. Kò wojú Tomi mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

A ti padà sílé. Afẹ́fẹ́ Calgary gbẹ débi pé ètè ń là, àmọ́ láràárọ̀ ni orúnkún pajamas Tomi ń rin fún omi. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan mo ń dín ẹyin, mo gbọ́ "Mà!" láti basement, yàrá abẹ́ ilé wa.

"Tomi, ta ló ń pè ẹ́?"

"Grandma. She's asking why you didn't come."

Mo sáré lọ bá a nísàlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Màmi, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀." N ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ìyá mi ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi a máa kìlọ̀ pé tá a bá gbọ́ ìpè lórí omi, ká wo ojú ẹni tó ń pè ká tó dáhùn. Mo kọ́ Tomi ní "mà", mo gbàgbé láti kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo gbàgbé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn.

Láàárọ̀ òní, mo tún gbọ́ ohùn Tomi nísàlẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ Yorùbá kankan ju "mà" lọ, ó dáhùn ketekete:

"Mò ń bọ̀, mà."