Ìrètí Tí Dókítà Ò Sọ

Agbẹnusọ ni gbogbo ọsibítù ń pe obìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ níbẹ̀, títí kan àwa tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ni dókítà wa ti wá, kò gbọ́ Yorùbá rárá, nítorí náà ojú Agbẹnusọ ló máa ń wò bó bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìwà yẹn máa ń bí mi nínú. Ẹni tó ń kú lọ wà lórí béèdì, ojú ògbufọ̀ ló ń wò!

Tíṣà ni Agbẹnusọ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì kúrò lára rẹ̀. Bó bá wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwa tí à ń fọ aṣọ béèdì, tipátipá ni yóò fi kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan, ó mú hope àti wish. Ó ní ẹni tó bá lo hope, ohun tó ń fẹ́ ṣì lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá lo wish náà ń fẹ́ ẹ lóòótọ́, àmọ́ ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì jọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

"Bí o bá ní I hope òjò ò ní rọ̀, aṣọ rẹ ṣì gbẹ lórí okùn. Bí o bá ní I wish òjò ò rọ̀, aṣọ ti rin gbingbin nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, I wish ẹ lè jẹ́ kí n jẹun." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti yege.

Ìyàwó bíríkìlà kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin nígbà náà. Àìsàn ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bẹ ọkọ rẹ̀: "Bàbá wọn, ẹ gbé mi lọ sílé. Yàrá mi ni kí n kú sí, kí ẹ wà lọ́dọ̀ mi." Ọkọ ní òun á gbé e lọ, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu dókítà.

Mo ń pààrọ̀ aṣọ béèdì lọ́wọ́ nígbà tí dókítà dé. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "I wish we could cure her." Agbẹnusọ wo bàbá náà, tó fi ọwọ́ tí ṣìmẹ́ńtì ti jẹ di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, "Bàbá, dókítà nírètí pé ara ìyá á yá."

Mo tẹ̀lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ohun tí dókítà sọ nìyẹn."

"Ṣé o rí ojú bàbá yẹn ṣá? Ṣé kí n la ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lórí ni? Màá sọ fún un lọ́la."

Ọ̀la dé, bàbá ò wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbé oúnjẹ wá ló ń fi ẹ̀rín sọ fún wa pé bàbá òun ti ra ọ̀dà, ó ń kun yàrá ìyá òun de ìgbà tí wọ́n bá padà sílé. Ojú Agbẹnusọ yí padà. Ó ní kí ọmọ náà sáré lọ pè é wá, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ti béèdì. Ìyá náà ń bi í ṣáá pé, "Bàbá wọn ńkọ́?" Ó ń dáhùn pé wọ́n ń bọ̀. Ìyá náà kú kí wọ́n tó dé. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá wọlé, ọ̀dà funfun bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó rí i pé wọ́n ti fi aṣọ bo ìyàwó rẹ̀, kò pariwo. Ó ní, "Agbẹnusọ, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n ṣáà nírètí."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà tó dúró ti béèdì. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ dókítà lójú, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé Agbẹnusọ á tún wá nǹkan dídùn sọ. Kò wá nǹkan kan.

"Bàbá, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó wu àwọn láti wo ìyá sàn, àmọ́ agbára àwọn ò ká a."

Bàbá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. "Ó bẹ̀ mí o," ló wí. "Ǹ bá ti gbé e lọ sílé. Ǹ bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Dókítà bèèrè ohun tó sọ. Agbẹnusọ túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà.