Ọparun Bàbá Efe

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, òórùn ilẹ̀ tútù sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí ni mò ń rò. Efe ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi ni Efe nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ajégúnlẹ̀, lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Urhobo ni àwọn òbí rẹ̀. Yàrá wọn kọjú sí tiwa nínú ilé kan náà, lẹ́bàá ọjà Boundary. Bàbá rẹ̀ ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé gbòǹgbò kan tó rí bí atalẹ̀ wálé, èyí tí wọ́n hú dànù nínú ọgbà òyìnbó kan. Ó ní ọparun tó ń gun igi ni, pé nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe ń gbìn ín.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá Efe, ṣé ẹwà la ó máa jẹ ni?"

"Madam, ẹ jẹ́ kó hù ná." Ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ onípáànù wa, nídìí igi gúáfà.

Bí òjò ṣe balẹ̀, ó yọ. Èéhù rẹ̀ tínrín bí ìka ọmọdé. Bó ṣe tóbi tó lọ́jọ́ tó yọ náà ló tóbi mọ, gíga nìkan ló ń ga. Láàárọ̀, Efe á so òwú mọ́ ara gúáfà níbi tí orí rẹ̀ dé. Nígbà tí a bá fi ti ilé ìwé dé, ó ti kọjá òwú. Kò lè dá dúró, àfi kó fara ti nǹkan. Ó rọ̀ mọ́ gúáfà títí ó fi dókè, kó tó wá yọ ẹ̀ka, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ṣàn wálẹ̀ bo páànù tó ti dípẹtà. Àwọn obìnrin ilé wa wá ń wẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Ìyá mi tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló tún ń gbálẹ̀ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹrù já lu Bàbá Efe ní wáàfù. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi jáde láàárọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé. Efe kò sunkún. Ó jókòó sídìí ọparun, ó ń já ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílé, níhà Warri, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú bàbá onílé.

"Bàbá, abeg, no cut am. Na my husband hand plant am."

"Dìde, Ìyá Efe. Mi ò ní gé e."

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. N kò gbúròó Efe mọ́.

Bàbá onílé kò gé e títí ó fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gé gúáfà, kí wọ́n lè kọ́ yàrá sí i. Ọparun náà bá a ṣubú. Ó nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, èéhù rẹ̀ á ga díẹ̀, á tún tẹ̀ padà sílẹ̀, títí wọ́n fi da sìmẹ́ńtì bò ó.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gba gbogbo àgbàlá, n kò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan gbé garawa omi jáde, ìyá rẹ̀ bi í láti inú yàrá pé níbo ló ń lọ.

"Mò ń lọ wẹ̀ nídìí ọparun."

Ògiri búlọ́ọ̀kù ni mo rí níbi tó kọrí sí. Mo bi í pé ọparun wo.

"Bí wọ́n ṣe ń pe balùwẹ̀ wa nìyẹn, mà."

Kò sẹ́ni tó sọ̀tàn Bàbá Efe fún un rí. Mo dúró níbẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí omi ń dà.