Ọkọ̀ Tó Ń Jò àti Ọkọ̀ Tó Ń Jó

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi. Láti ìgbà tí mo ti mú un wá sí Ìlọ́bù ló ti ń sọ pé kò sí ọmọ òun tí yóò dàgbà láìmọ ọkọ̀ ojú omi í wà. Nígbà tí òyìnbó tó ń mójú tó adágún tí wọ́n sé odò Erinlẹ̀ sí fẹ́ padà sílùú rẹ̀, tó ní òun fẹ́ ta ọkọ̀ kékeré méjì tí òun fi ń ṣe fàájì lórí omi, àkọ́bí wa obìnrin kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ọmọ náà kò mọ̀wẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

A bá àwọn ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan búlúù, èkejì aláwọ̀ ewé. Mo fi ọwọ́ tẹ pákó wọn títí, n kò rí ibi tó jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára èyí búlúù pé: O N JO. Kò fi àmì ohùn kankan sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ń jò ni, omi yóò máa wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń jó ni, yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè da ọmọ mi sómi.

Ìyàwó mi ní, “Èkejì ńkọ́, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára? Ẹ jẹ́ ká mú un ká máa lọ.”

“Èyí tí wọn ò kọ nǹkan sí lára gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Wọ́n ní olùṣọ́ ibẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì ti lọ sílé rẹ̀ ní Ìfọ́n. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi tọ̀ ọ́ lọ. Àgbàlagbà ni, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní tíṣà ni mí láti Ìlọ́bù, mo sì bi í léèrè.

“Bàbá, jò lẹ kọ ni, àbí jó?”

“Jó ni, tíṣà. Ó ń jó bí ẹni tó mu ẹmu yó.”

“Ọpẹ́ ni. A óò mú aláwọ̀ ewé.”

“Ìyẹn ló ń jò ní tirẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sí i lára?”

“Ṣọ́ọ̀kì ló tán.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ará Ìlọ́bù, ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá bínú sí ṣọ́ọ̀kì.”

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ló là mí lóye nígbà tó yá: omi tó bá ń wọlé, ojú ń rí i, ọwọ́ sì lè gbọ́n ọn dànù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá fẹ́ dojú dé kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. A ra èyí tó ń jò.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e sómi, ọmọ mi di àjẹ̀ mú, èmi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igbá. Omi kò tíì dé ọrùn ẹsẹ̀ mi tí mo ti ń gbọ́n ọn lọ́tùn-ún lósì.

Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa gbọ́n ọn. Ẹ̀yin lẹ ń mú un jó.”