Lẹ́ńsì Tó Sùn ní Kanvili

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ló yan lẹ́ńsì mi fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù, torí àwọn kan ṣì ń sọ ní Tamale pé ìkánjú ló kó bá mi. Irọ́ ni. Ìgbọràn ló kó bá mi.

Kámẹ́rà mi dára, ṣùgbọ́n kò lè fa ohun tó wà lókèèrè mọ́ra. Bí mo bá dúró létí pápá, agbábọ́ọ̀lù tó wà lódìkejì á dà bí èèrà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú wa sì ń wá ayàwòrán tí yóò máa tẹ̀ lé wọn káàkiri. Alákòóso wọn ní kí n wá ya ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kan kí òun lè rí ọwọ́ mi. Iṣẹ́ yẹn wù mí débi pé mò ń rí i lójú àlá. Mo tún ń ronú àwọn erin inú igbó Mole, tí ènìyàn ò gbọdọ̀ sún mọ́ àfi tí ayé bá ti sú u.

Mo bá mú ẹ̀gbọ́n dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Nyohini, níbi tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà tókunbọ̀. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni àwọn bàbá wa gbé dàgbà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣìnì mi kí n tó kí i.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé lẹ́ńsì méjì kalẹ̀. Ọ̀kan gùn, ó ń fa ohun tó jìnnà réré wá síwájú ojú, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń fà á sí i ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń kéré sí i. Èkejì kúrú, ó wúwo bí ọmọ odó, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ó sì ti họ díẹ̀ létí. Kò fà jìnnà tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń ríran nínú òkùnkùn. Ọwọ́ mi ń lọ síbẹ̀.

"Haba, àbúrò," ẹ̀gbọ́n ní, "ìyẹn lo fẹ́ fi ya erin? Mú èyí tó gùn. Bọ́ọ̀lù, ẹyẹ, erin, walai, gbogbo ẹ̀ ló máa gbé."

"Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù náà, ẹ̀gbọ́n."

"Tò, ṣé kò síná ní pápá ni? Èmi ni mo kọ́ ẹ, àbí ìwọ lo kọ́ mi?"

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Mo mú èyí tó gùn. Oníṣọ́ọ̀bù ní kí n lọ dán an wò, pé bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n wá pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di Jímọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣà wa ti kó mi sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Láàárín àwa tí wọ́n bí sí Zongo, ohun èlò iṣẹ́ tuntun, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣàdúrà sí i. Ilé rẹ̀ ni yóò máa sùn títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣí i. Bí lẹ́ńsì mi ṣe lọ sùn nílé ẹ̀gbọ́n ní Kanvili nìyẹn, tí èmi wà ní Jisonayili tí mò ń lálàá.

Mo pè é. "Ní sùúrù, àbúrò. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàdúrà sí i." Mo tún pè é, àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lọ bá a nílé, ara rẹ̀ ò yá. Ìyàwó rẹ̀ gbé wàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, fún mi, mo jẹ, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n tún ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàdúrà sí i." Jímọ̀ kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gan-an ló tó tẹ́wọ́ sí i. Àdúrà náà gùn, ó sì dùn. Mo ṣe àmín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí oòrùn ṣì wà, fọ́tò mi ń dán. Ilẹ̀ ṣú, iná pápá ò sì ju ti ìta mọ́sálásí lọ. Mo fa lẹ́ńsì mi gùn, òkùnkùn. Mo ní kí kámẹ́rà lajú pẹ́ díẹ̀, àwọn tó ń sáré di èéfín. Góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n gbá wọlé lọ́jọ́ náà, èéfín ni mo yà.

Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n tó wà lódìkejì pápá, ó gbé lẹ́ńsì kúkúrú kan sójú. Mo rìn lọ bá a. Mo rí ibi tó họ létí ẹnu lẹ́ńsì náà.

"Alákòóso ló ní kí èmi náà wá," ó ní, kò wo ojú mi. "Kálukú pẹ̀lú oríire tiẹ̀, àbúrò."

Iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Iṣẹ́ tó lọ dùn mí, àdúrà yẹn sì dùn mí jù ú lọ. Ó gbọ́wọ́ sókè sí Ọlọ́run lórí ohun tó mọ̀ pé yóò dójú tì mí, ó sì jẹ́ kí n ṣe àmín sí i.

Lẹ́ńsì gígùn náà ò burú lọ́sàn-án. Mo gbé e lọ sí Mole, erin kan dúró létí omi, mo sì rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Fọ́tò náà dé orí fóònù gbogbo ìlú. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi pè mí. Àwọn àlejò kan fẹ́ kó bá àwọn ya ẹranko, lẹ́ńsì tirẹ̀ ò sì fà débẹ̀.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, yá mi ní tìẹ."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàdúrà sí i."

Ó pa fóònù. Láti ìgbà náà, bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, orí máṣìnì ni mo ti ń kí i.